Ẹrù ìbàdí ọlọ́pàá ìlú: èyí tó yẹ owó rẹ̀ àti èyí tí kò yẹ ẹ́

Ẹni tó bá parí akadẹ́mì ọlọ́pàá ní ìlú ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ì báà jẹ́ Houston, ì báà jẹ́ Chicago tàbí Baltimore, ẹrù ló máa kọ́kọ́ gbé délé: bẹ́líìtì, àpò ìbọn, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ẹ̀wù ayẹta, TASER (ohun ìjà tó ń fi iná mànàmáná mú iṣan ara le), kámẹ́rà àyà, agolo ata, rédíò, tọ́ọ̀ṣì. Ìlú kan máa ń fún wọn ní gbogbo rẹ̀. Ìlú mìíràn á fún wọn ní ìbọn àti rédíò, á wá fi owó aṣọ lé wọn lọ́wọ́ lọ́dọọdún pé kí wọ́n lọ wá ìyókù. Ìbéèrè tí àwọn ọmọ wa tó wà nínú iṣẹ́ yìí lọ́hùn-ún ń béèrè ni pé, èwo ni káwọn fi owó ara àwọn rà?

Ìdájọ́ wa rèé, kọ́rọ̀ má baà pẹ́. Bí ẹ bá mú àwọn ẹrù yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ jù lọ ló dára. Bí wọ́n ṣe ń kó gbogbo wọn jọ sórí ìbàdí èèyàn kan ni kò dára. Ibi tí ẹ gbé nǹkan kọ́, bó ṣe ń tì, àti bó ṣe bá ara mu, ṣe pàtàkì ju orúkọ tí wọ́n kọ sí i lára lọ. Bí owó ọwọ́ yín kò bá pọ̀, bàtà, àpò ìbọn àti okùn tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ni kẹ́ ẹ ná an lé. Ìyókù, ẹ gba èyí tí ìlú bá fún yín. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ ka ìwé òfin ẹ̀ka yín, kẹ́ ẹ wo àwọn ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Àpò ìbọn tí kò sí nínú ìwé yẹn, bó ti wù kó dára tó, ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni lọ́yà ẹni kejì máa gbé e síwájú adájọ́.

Bẹ́líìtì

Méjì ni bẹ́líìtì, kì í ṣe ọ̀kan. Ti inú ló ń gba ojú bẹ́líìtì ara ṣòkòtò kọjá, fẹ́líkírò sì wà lára rẹ̀. Ti òde, tó fẹ̀ tó íǹṣì 2¼, á wá lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdè kéékèèké mẹ́rin lẹ ó fi so méjèèjì pọ̀, kí ti òde má baà yí po.

Ẹ má fi nọ́ńbà ṣòkòtò ra ti òde. Ẹ wọ ṣòkòtò iṣẹ́, ẹ ki ṣẹ́ẹ̀tì bọ inú rẹ̀, ẹ wọ ẹ̀wù ayẹta, ẹ di bẹ́líìtì inú, kẹ́ ẹ tó fi téèpù wọn ìbàdí. Ó sábà máa ń fi íǹṣì 2 sí 4 ju nọ́ńbà ṣòkòtò lọ. Ẹni tó bá ra èyí tó kéré kò ní rí àyè fún àpò TASER. Èyí tó bá tóbi, ìbọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láàárọ̀ á ti dé ẹ̀yìn kó tó di ọ̀sán.

Awọ máa ń dán, àwọn ọ̀gá sì fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ ayẹyẹ. Àmọ́ ó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí ẹ bá ń rìn ní ẹ̀yìnkùlé ẹni lóru, ó ń fà, bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ta sí i, kò ṣe é fọ̀ tán. Èyí tí wọ́n fi fọ́nrán náílọ́ọ̀nù hun fúyẹ́ jù ú lọ, ó ṣe é fọ̀, etí rẹ̀ kì í sì gé ara. Ohun kan lẹ ó yẹ̀ wò lára rẹ̀: ṣé ike líle wà láàárín ìpele rẹ̀? Bí kò bá sí, ìdí ìbọn á máa da síta, àpò rẹ̀ á sì máa jù nígbà tẹ́ ẹ bá ń sáré.

Bí ẹrù bá pé lórí bẹ́líìtì, ìwọ̀n rẹ̀ máa ń tó páùn 15 sí 20, ìyẹn nǹkan bíi kìlógíráàmù 7 sí 9, ká tó ka ẹ̀wù ayẹta mọ́ ọn. Ká ní rírìn ni ọlọ́pàá ń rìn ni, ì bá sàn. Inú ọkọ̀ ló ń jókòó sí. Àpò ìbọn á gbé ìbàdí ọ̀tún sókè lórí àga, ọ̀pá ẹ̀yìn á wọ́, ó di wákàtí 8, tàbí 12 fáwọn tí ṣíìfù wọn gùn. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló máa kọ́kọ́ dùn wọ́n. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbẹ́ itan lóde á kú tipiri, tàbí kó máa ta wọ́n: iṣan kan ń gba iwájú egungun ìbàdí lọ sí itan, òun ni bẹ́líìtì ń tẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ dẹ bẹ́líìtì, ẹ gbé ohunkóhun tó bá wà níwájú egungun ìbàdí kúrò níbẹ̀. Ẹ má dúró dìgbà tó bá di ti dókítà.

Ní ti ètò rẹ̀, ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún á gbé ìbọn sí ọ̀tún gan-an, àpò ọta ìpààrọ̀ méjì sí apá òsì ibi tí bẹ́líìtì ti ń tì níwájú, TASER sí òsì, rédíò sí ẹ̀yìn òsì, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ síbi tí ọwọ́ méjèèjì ti lè dé e. Láti kíndìnrín kan dé ìkejì, ẹ fi ẹ̀yìn sílẹ̀ lófìfo. Bí èèyàn bá ṣubú fi ẹ̀yìn gbalẹ̀, irin ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó wà láàárín ẹ̀yìn ni ọ̀pá ẹ̀yìn máa bá pàdé. Gbogbo akadẹ́mì ló ń sọ èyí, síbẹ̀ ibẹ̀ náà ni àwọn tuntun ṣì ń gbé e kọ́, nítorí pé ibẹ̀ ló ṣófo.

Bí ìlú yín bá gbà kí ẹ wọ ẹ̀wù alápò sórí ṣẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ lè kó lára ẹrù náà kúrò ní ìbàdí, ẹ gbà á. Ní Eau Claire, ìpínlẹ̀ Wisconsin, yunifásítì tó wà níbẹ̀ àti Mayo Clinic bá àwọn ọlọ́pàá ìlú náà dán an wò, ìrora ìbàdí àti ti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn sì dínkù. Àléébù rẹ̀ ni ooru, pàápàá ní Houston. Àléébù kejì, ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ti ń wá: wọ́n á kó nǹkan sí àyà títí wọn ò fi ní lè yí sítíárì dáadáa. Rédíò, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, tọ́ọ̀ṣì àti okùn ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kó gòkè. Ìbọn kì í kúrò ní ìbàdí.

Àpò ìbọn: ẹ má ṣahun níbí

Ọlọ́pàá tó wọ yúnífọ́ọ̀mù gbé ìbọn síbi tí gbogbo ayé ti ń rí i, ẹni tí wọ́n bá sì jọ wọ̀yá ìjà lè na ọwọ́ sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pín àpò ìbọn sí ìpele. Bí nọ́ńbà ṣe ń gòkè ni ìdènà ń pọ̀ sí i. Ìpele 3 ló yẹ ẹni tó wà lójú títì. Safariland 6360 wà lára àwọn tó wọ́pọ̀ jù ní ìpele yìí, òun náà la sì fara mọ́.

Ìdènà méjì ló ní. Àkọ́kọ́, SLS, ni ìbòrí tó gba ẹ̀yìn ìbọn kọjá: ẹ ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ẹ ó wá yí i síwájú. Ìkejì, ALS, wà nínú. Ní gbàrà tí ìbọn bá ti wọlé ló máa di ihò tí èèpo ọta ń gbà jáde mú fúnra rẹ̀; àtàǹpàkò kan náà lẹ ó fi fa ọ̀pá kékeré rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yí i, ẹ fà á, ẹ yọ ọ́. Nínú ìwé, ó rọrùn. Bí àyà bá ń já, ìka á gbàgbé ọ̀kan nínú rẹ̀, á sì máa fa ìbọn tí kò jáde. Ẹ yọ gbogbo ọta kúrò, ẹ kó o lọ sí yàrá mìíràn, kẹ́ ẹ wá máa fi ìbọn òfìfo náà ṣe é títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n láìwò ó. Ẹ ṣe é níjòókòó pẹ̀lú bẹ́líìtì ọkọ̀ lára. Ẹ fi ọwọ́ òsì náà ṣe é.

Ohun tó sábà ń bà á jẹ́ kò pọ̀, àmọ́ ó léwu. Tó bá jẹ́ pé tọ́ọ̀ṣì wà lábẹ́ ìbọn yín, tàbí pé awò ìfojúsùn wà lórí rẹ̀, àpò tí wọ́n ṣe fún ìbọn lásán kò ní gbà á, tàbí kó gbà á láìtì. Orúkọ ìbọn, orúkọ tọ́ọ̀ṣì àti ti awò gbọ́dọ̀ bá ohun tó wà lára páálí mu pátápátá. "Ó fẹ́ẹ̀ bá a mu" kò sí níbẹ̀. Síkúrù mẹ́ta tó di àpò mọ́ àwo ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń tú díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi Loctite aláwọ̀ búlúù, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí síkúrù tú, sí wọn, kẹ́ ẹ fi ọ̀dà fa ìlà tín-ín-rín láti orí síkúrù sára ike. Ọjọ́ tí ìlà náà bá já sí méjì ni síkúrù ti yí. Òkúta wẹ́wẹ́ àti ewé gbígbẹ máa ń há sábẹ́ ìdènà lẹ́yìn tí èèyàn bá ti yí nílẹ̀. Omi àti ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má da òróró sí i. Èyí tó burú jù ni okùn etí jákẹ́ẹ̀tì òtútù. Ó lè wọ inú ihò ìfàbọn nígbà tẹ́ ẹ bá ń dá ìbọn padà, kí ìbọn sì yìn sí ẹsẹ̀ ẹni tó gbé e. Ẹ gé okùn náà sọnù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ra jákẹ́ẹ̀tì.

Kẹ́ ẹ tó gba àpò tuntun, ẹ fi ìbọn òfìfo sínú rẹ̀, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n gidi. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí ẹnìkan dúró sẹ́yìn yín, kó fà á sókè, kó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá jáde, ẹ dá a padà fún wọn.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀

Kò sí ohun tó rọrùn tó o nínú ẹrù yìí, ó sì wà lára àwọn tó ń gbé ọlọ́pàá lọ sí kóòtù. Àwòṣe tí apá rẹ̀ ń yí kọjá láàárín, tí Peerless fi lókìkí, ti wà láti 1912, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Oríṣi méjì lẹ ó bá lọ́jà. Èyí tí ẹ̀wọ̀n kékeré so pọ̀, irú Smith & Wesson 100 tàbí Peerless 700, wúwo nǹkan bí áúnsì 10, ìyẹn gíráàmù 280. Ìkejì, irin aláwẹ́ bíi ti ilẹ̀kùn ló so ó pọ̀. Irin aláwẹ́ kì í jẹ́ kí ọwọ́ yí, nítorí náà kò rọrùn fún ẹni tó wà nínú rẹ̀ láti wá ojú kọ́kọ́rọ́. Àmọ́ bí ẹni náà bá sanra tàbí tí èjìká rẹ̀ le, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kò ní pàdé lẹ́yìn. Oní-ẹ̀wọ̀n la fara mọ́ fún ẹni tuntun, kó sì ra méjì: ẹni tó bá síngbọnlẹ̀, méjì lẹ ó so pọ̀ fún un.

Kẹ́ ẹ tó fi sínú àpò rẹ̀, ẹ ti apá ẹlẹ́yín náà wọlé títí tó fi máa ku eyín méjì tàbí mẹ́ta kó yọ sódìkejì. Bẹ́ẹ̀ ni kò fi ní pẹ́ yí nígbà tó bá kan ọrùn ọwọ́. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní títì pa, tàbí pẹ̀lú ìdádúró kejì (ìdè kékeré tí kì í jẹ́ kí apá rẹ̀ lè yí mọ́) tó ti wọlé, ìgbà tẹ́ ẹ nílò rẹ̀ ni yóò kọ̀ láti ṣí.

Kí ẹni náà kọ ẹ̀yìn sí yín, kí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kojú síra, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú síta, àtàǹpàkò sókè. Ẹ tẹ irin náà mọ́ ọrùn ọwọ́ láàárín egungun tó yọ gọ̀ǹgọ̀ àti ọwọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ni a wí, ẹ má gbá a. Gbígbá ló ń ṣẹ́ egungun. Ojú kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà níbi tẹ́ ẹ ti lè rí i. Ẹ ti orí ìka kan bọ àárín irin àti awọ ara. Bí kò bá wọlé, ó ti le jù. Bí ìka odidi bá ń ṣeré nínú rẹ̀, ó ti dẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ṣóńṣó tó wà lórí kọ́kọ́rọ́ tẹ ìdádúró kejì wọlé.

Ìdádúró kejì yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé, òun sì ni gbogbo ẹjọ́. Bí kò bá sí i, bí ẹni náà bá ti jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ni eyín á máa wọlé sí i, kà, kà, kà. Iṣan tó gba ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò kọjá á rún mọ́ egungun, ẹ̀yìn àtàǹpàkò á sì kú fún ọ̀sẹ̀, ìgbà mìíràn fún oṣù. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ibi lè fi páànù pẹlẹbẹ ti ahọ́n rẹ̀ sẹ́yìn, kó sì bọ́. Nígbà ìṣísílẹ̀, ẹ ó kọ́kọ́ yí kọ́kọ́rọ́ sí ọ̀nà kan kí ìdádúró kejì tú, kẹ́ ẹ tó yí i sí òdìkejì kí apá rẹ̀ ṣí. Kọ́kọ́rọ́ tó ń fọ́ nínú ihò, àìmọ ètò yìí ló sábà ń fà á. Kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń ṣí ọ̀pọ̀ jù lọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó wà níta, nítorí náà ẹ wá ọ̀kan sára ẹni tẹ́ ẹ mú kẹ́ ẹ tó gbé e wọ ọkọ̀.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ẹ yẹ líle rẹ̀ wò, pé ẹ sì ti ìdádúró kejì. Bí ẹni náà bá ní ó ń dun òun, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ kọ ìyẹn náà. Ẹni tí wọ́n ti dè kò sì gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀: ní kíá, ẹ yí i fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ gbé e jókòó. Ẹni tó sanra, tàbí tí oògùn olóró wà lára rẹ̀, èémí rẹ̀ lè tán lábẹ́ ìwúwo ara rẹ̀ àti ti ẹni tó kúnlẹ̀ lé e lórí, láìpariwo.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá kàn án, ọṣẹ, omi, oògùn apakòkòrò, kẹ́ ẹ sì gbẹ ẹ́ dáadáa. Gíráfáìtì lẹ́búlẹ́bú ló yẹ eyín rẹ̀. Òróró máa ń kó eruku aṣọ jọ sínú rẹ̀ títí á fi há.

Ẹ̀wù ayẹta

Fọ́nrán tó di Kevlar, Stephanie Kwolek ló rí i ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní 1965. Lónìí, àwọn fọ́nrán mìíràn ti dara pọ̀ mọ́ ọn, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ máa wò lára ẹ̀wù kì í ṣe orúkọ fọ́nrán bí kò ṣe àmì NIJ, ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀. Nínú òṣùwọ̀n 0101.06 ti 2008, IIA, II àti IIIA ni ti ìbọn ìléwọ́. Nínú èyí tó jáde ní 2023, II àti IIIA di HG1 àti HG2. Àmì méjèèjì ṣì wà lọ́jà, ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà fi ìyẹn dẹ́rù bà yín.

Èwo ni ká rà nínú méjèèjì? IIIA ń dá ọta tó lágbára jù dúró, ó sì nípọn jù. Fún ẹni tí ẹ̀ka rẹ̀ bá gbà á láyè, a fara mọ́ II tó bára mu tó sì ń wọ̀ lójoojúmọ́, ju IIIA tí yóò bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ ní oṣù keje nítorí ooru. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, aṣọ rírọ̀ ni. Kò sí èyí tó ń dá ọta ìbọn gígùn dúró, àwo líle ló ń ṣe ìyẹn. Ọ̀bẹ náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Bí wọ́n bá ń dán ẹ̀wù wò, amọ̀ ni wọ́n ń fi sẹ́yìn rẹ̀, ibi tí ọta bá tẹ̀ wọ inú amọ̀ náà kò sì gbọ́dọ̀ jìn ju mílímítà 44 lọ. Ẹ fi rúlà wo bí 44 ṣe pọ̀ tó. Ó lè ṣẹ́ egungun ìhà, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sínú. Nítorí náà, ẹni tí ọta bá bà tó ní "kò ṣe mí ní nǹkan kan", ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Ìwọ̀n rẹ̀: níjòókòó, etí ìsàlẹ̀ iwájú kò gbọ́dọ̀ kan bẹ́líìtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa gun yín lọ́fun ní gbogbo ṣíìfù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ti iwájú gun orí ti ẹ̀yìn díẹ̀, kó má sí àlàfo. Bí ẹ bá sanra sí i tàbí tẹ́ ẹ rù gidigidi, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún yín wọ̀n. Obìnrin kò gbọ́dọ̀ gba ti ọkùnrin nítorí pé òun ló kù ní sítọ́ọ̀: kì í lẹ̀ mọ́ àyà, á sì fi àlàfo sílẹ̀ lábíyá, níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Ẹ yọ àwo rírọ̀, ìyẹn apá tó ń dá ọta dúró, kúrò nínú èpo rẹ̀. Èpo nìkan lẹ lè fọ̀. Àwo, aṣọ tútù díẹ̀ àti ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Kò sí ẹ̀rọ ìfọṣọ, kò sí ẹ̀rọ ìgbẹṣọ, kò sí bílíìṣì, kò sí sísá sóòrùn. Bílíìṣì àti oòrùn ń jẹ Kevlar. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ kó gbẹ, ẹ má fi kọ́ sórí háńgà, nítorí á ká, á sì sún. Ọdún 5 ni wọ́n sábà ń ṣe onígbọ̀wọ́ àwo rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣe é wà lára lébẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá rò pé ọjọ́ yẹn kò ṣe pàtàkì, kó rántí Zylon, fọ́nrán mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀wù ayẹta nígbà kan. Ní 2003, ní Forest Hills, Pennsylvania, ọta gba inú ẹ̀wù Zylon kan kọjá, irú ọta tó yẹ kó dá dúró. Ìwádìí fi hàn pé fọ́nrán náà ń bàjẹ́ láìfojúhàn, ìjọba sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀wù náà ní 2005. Nítorí náà, ẹ má ra àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bó ti wù kó dín lówó tó.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka yín kẹ́ ẹ tó sanwó fúnra yín: láti 1998 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti wà tó lè san tó ìdajì owó ẹ̀wù yìí fún àwọn ìlú.

Ìyókù

TASER. Ẹ dán iná rẹ̀ wò kí ṣíìfù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tó wà lára kátíríìjì, ìyẹn ohun tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà nínú. Abẹ́rẹ́ méjì gbọ́dọ̀ wọ ara, kí àyè tó tó íǹṣì 12 sì wà láàárín wọn kí iṣan ara tó le. Jákẹ́ẹ̀tì òtútù tó nípọn ló sábà ń sọ ọ́ di ariwo lásán. TASER 7 ń gba kátíríìjì méjì, TASER 10 ń yin abẹ́rẹ́ 10 lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tẹ́ ẹ lè fi rọ́pò àyè tó wà láàárín ẹ̀yin àti ẹni náà. Kó wà lódìkejì ìbọn, kí àwọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ìbọn. Ní Oakland ní 2009, ọlọ́pàá tó pa Oscar Grant sọ pé TASER lòun fẹ́ fà. Ní Brooklyn Center ní 2021, ọlọ́pàá tó pa Daunte Wright ń pariwo TASER nígbà tó jẹ́ ìbọn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. TASER tirẹ̀ sì wà lápá òsì bí òfin ṣe wí. Ibi tí wọ́n gbé e sí nìkan kò tó. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ nígbà ìdánrawò, léraléra.

Kámẹ́rà Axon Body 3 dára, ìlú ló sì ń rà á. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ńlá lẹ́ẹ̀mejì kó bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ́ kó dúró. Ó máa ń tọ́jú nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá 30 tó ṣáájú títẹ̀, bí ìlú kò bá yí i padà. Ìṣẹ́jú àáyá yẹn sì sábà máa ń wà láìní ohùn. Ẹ sọ ìdí tẹ́ ẹ fi dá ẹnìkan dúró sínú rẹ̀ fúnra yín. Bí ẹ bá gbé e sábẹ́ ẹ̀gbẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, aṣọ ló máa yà. Bó bá sì wà láàárín àyà, ọwọ́ méjèèjì tó di ìbọn mú á bò ó lójú.

Agolo ata: ẹ wo ọjọ́ rẹ̀, ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ń gbà. Èyí tí ọtí wà nínú rẹ̀ lè gbiná bí TASER bá tẹ̀lé e. Èyí tí wọ́n fi omi pò dípò ọtí ni kẹ́ ẹ béèrè fún.

Okùn ẹ̀jẹ̀, CAT Gen 7, jẹ́ nǹkan bí 30 dọ́là, kò sì sí ohun tó tó o nínú gbogbo ẹrù yìí bí a bá fi owó wé ẹ̀mí. Ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ọ̀pá tí ẹ ó fi yí i á ṣẹ́ nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Ọwọ́ North American Rescue tàbí ẹni tí wọ́n fàṣẹ sí ni kẹ́ ẹ ti rà á. Ẹ so ó ní íǹṣì 2 sí 3 lókè ojú ọgbẹ́, kì í ṣe lórí oríkèé. Ẹ fà á le kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀pá, ẹ yí ọ̀pá títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, ẹ ti ọ̀pá mọ́ ibùdúró rẹ̀, ẹ kọ aago tẹ́ ẹ so ó sí i lára. Á dun ẹni náà gan-an. Ẹ má tú u. Èyí tẹ́ ẹ fi kọ́ṣẹ́, ẹ má gbé e lọ sójú títì, nítorí pé fífà léraléra ti jẹ ẹ́. Ẹ fi sínú àpò kí oòrùn má baà pa á, kó sì wà níbi tí ọwọ́ òsì àti ọ̀tún ti lè dé e.

Bàtà: ẹ rà á ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ iṣẹ́. Oní-síìpù ẹ̀gbẹ́ rọrùn láti wọ̀ ní òru, àmọ́ síìpù ló máa kọ́kọ́ kú. Ẹ fi ìda pa á, ẹ má sì gba èyí tí kò ní ahọ́n tó ń di síìpù mú lókè, á máa ṣí nígbà tẹ́ ẹ bá ń sáré.

Fún àwọn tó ń ronú láti fi irú ẹrù yìí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń ṣe ọlọ́pàá nílé: ẹ̀wù ayẹta, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti TASER wà lábẹ́ òfin ìkójáde ọjà Amẹ́ríkà, wọ́n sì nílò ìwé àṣẹ kí wọ́n tó wọ páálí tó ń lọ sí Nàìjíríà. Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà náà ní ìbéèrè tirẹ̀. Bàtà àti tọ́ọ̀ṣì lásán kò ní irú ìdènà yẹn.